Ọ̀ṣẹ́tùúrá àti Ìbínú Ẹni Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́

Ifá sọ nínú odù Ọ̀ṣẹ́tùúrá pé irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló ti ọ̀run wá tún ayé ṣe. Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ń pàdé, wọ́n ń pinnu, wọn kò ké sí i. Ni gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bá forí ṣánpọ́n: òjò kọ̀, aláìsàn kò rí ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó béèrè ẹni kẹtàdínlógún lọ́wọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2021. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Ní ọjọ́ 4, Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, kéde pé ìjọba ti fòfin de Twitter, nítorí àwọn kan ń fi í da orílẹ̀-èdè rú. Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ní kí wọ́n pe ẹni tó bá tàpá sí òfin náà lẹ́jọ́. Ẹ̀rù ba àwọn kan. Àwọn mìíràn fi VPN gba ẹ̀yìn wọlé. Inú bí ọ̀pọ̀ wọn.

Kí ni wọ́n ń bínú sí? Ọ̀ṣun kò bínú nítorí pé ohun kan wọ́n ọn. Wọ́n kà á sí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni. Orí Twitter ni àwọn ọ̀dọ́ ti pe ara wọn jọ fún ìwọ́de #EndSARS, tí wọ́n fi tako ìwà ipá ọlọ́pàá SARS, lóṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ wọn. Ìjọba gan-an mọ bó ṣe ń dunni, nítorí ọ̀rọ̀ Ààrẹ tí wọ́n pa rẹ́ dùn ún wọra. Kò fi ọ̀rọ̀ ro ara rẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba ṣí Twitter padà. Àdéhùn tí iléeṣẹ́ náà gbà ni wọ́n kà sí wa létí. Wọn kò bẹ ará ìlú. Ìbínú Ọ̀ṣun so èso: ó bí Ọ̀ṣẹ́tùúrá, ọmọ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ti àwọn ọmọ Nàìjíríà náà so èso. SERAP, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, àti àwọn ará ìlú pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ lóṣù Keje ọdún náà pé ìfòfindè ọ̀hún kò bófin mu.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ, ẹ bẹ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kí ẹ tó tún lọ tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn.