Alẹ́ Tí Orúkọ Rẹ Kò Jáde

Ìwọ tí ò ń lọ sípàdé wọ́ọ̀dù l'Ọ́bà-Ilé, tí o ń retí kí ẹgbẹ́ fà ọ́ kalẹ̀ fún ipò alága káńsù, jọ̀ọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àkúrẹ́ níbí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1979, Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, olùkọ́ àgbà ọmọ Ọ̀wọ̀, di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Olóyè Akin Ọmọbóríowó, agbẹjọ́rò láti Ìjerò-Èkìtì, ni igbákejì rẹ̀. Ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀, olórí UPN, ni tọkàntọkàn. Odindi ìwé ló kọ lórí èrò ọ̀gá wọn, ó pè é ní Awoism.

Nígbà tí ìbò 1983 ń bọ̀, ó bá Ajáṣin du tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ajáṣin ló mú un, Ọmọbóríowó sì ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Dúró síbí kí o wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí gómìnà kọjá sáà méjì. Ajáṣin ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọbóríowó kò tíì pé 52. Ọdún mẹ́rin péré ni sùúrù ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè dúró. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó kó lọ sínú ẹgbẹ́ NPN. Ẹni tó ti gbé ògùṣọ̀ UPN kiri ló tún padà wá ń bẹ àwọn ará ìlú kan náà pé kí wọ́n tẹ̀ka sí ilé àti àgbàdo, àmì NPN. O mọ̀ bí ìran wa ṣe ń wo irú èyí.

Bí orúkọ rẹ kò bá jáde, má ṣe ìpinnu kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Má gba ìpè ẹgbẹ́ kejì. Lọ sùn.

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ. FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìbò, kéde pé Ọmọbóríowó ló wọlé. Àkúrẹ́ gbiná. Wọ́n jó ilé, wọ́n sun èèyàn láàyè. Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé, wà lára àwọn tí iná náà pa. Ìwé ló fi ayé rẹ̀ tẹ̀. Bí inú bá ń bí ọ sí olóṣèlú kan lónìí, rántí rẹ̀ kí o tó bá èrò rìn.

Ajáṣin ní tirẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò náà bó ṣe yẹ, tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ti Ọmọbóríowó kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje lọ. Ọmọbóríowó kò di gómìnà títí ó fi kú ní 2012.

Wọ́n búra fún Ajáṣin lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Àwọn tí wọ́n sun kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn sójà dé, wọ́n gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀.