Òṣùwọ̀n Kì Í Ṣe Adájọ́



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná létí yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara wọn kù lóde òní. Àwọn kan ń ṣe é nítorí pé àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé wọn, àwọn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn mìíràn nítorí pé orúnkún ti ń dùn wọ́n kí wọ́n tó pé ogójì ọdún. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn yàn ni láti dín oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ara kù: ẹ̀bà, àmàlà, iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì, ògì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀fọ́, ilá, ẹja, ẹyin àti ẹran ni wọ́n fi ń dípò wọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú wọn á dùn, nítorí òṣùwọ̀n á sọ fún wọn pé kílò mẹ́ta ti lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kejì, òṣùwọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Kílò kan lóṣù, nígbà mìíràn ìdajì kílò, nígbà mìíràn òfo. Nígbà náà ni wọ́n á wá bá wa pé: “Àfáà, ṣé kì í ṣe asán ni gbogbo làálàá yìí?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ikùn nìkan. Ìbéèrè ìwà ni. Bí ènìyàn bá ń ṣe ohun tó tọ́, tí kò sì rí èso rẹ̀ lásìkò tó fẹ́, kí ni yóò gbé e ró? Báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ bóyá ìforítì ni òun ń ṣe tàbí orí kunkun lásán?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, nítorí àìmọ̀ ló ń bí ọ̀pọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì. Ara a máa kó díẹ̀ nínú ṣúgà tó ti inú oúnjẹ wá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Gbogbo ìpamọ́ yìí jẹ́ nǹkan bí ìdajì kílò nínú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kì í dá gbé. Gírámù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ di nǹkan bí gírámù omi mẹ́ta mọ́ra. Nígbà tí a bá dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù, ara á ná ìpamọ́ náà, omi tó dì mọ́ra á sì bá ìtọ̀ jáde. Ohun tí òṣùwọ̀n ń kà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìyẹn. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá.

Ọ̀rá ní tirẹ̀ kì í yára lọ. Kílò ọ̀rá ara kan kó agbára tó tó nǹkan bíi kálórì 7,700 pamọ́. Ẹni tó bá ń fi kálórì 300 jẹun dín sí ohun tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́ yóò lò tó ọjọ́ 26 kó tó yọ kílò kan péré. Bí ara sì ṣe ń fúyẹ́ sí i ni ohun tó ń ná lójúmọ́ ń dín kù, nítorí ẹni tó ru ẹrù kékeré kì í lo agbára bí ẹni tó ru ẹrù ńlá. Láàrin èyí, iyọ̀ inú ọbẹ̀ lè mú kí omi ara pọ̀ lónìí, àwọn ọjọ́ kan nínú oṣù sì lè mú kí ti obìnrin pọ̀ lọ́la. Ọ̀rá lè máa lọ lábẹ́lẹ̀ kí omi máa bò ó mọ́lẹ̀ lójú òṣùwọ̀n. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọ̀nà náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tó wá kú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kò jọ èyí tó kù. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe òdiwọ̀n gbogbo ọdún ti ṣi òdiwọ̀n lò.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìlú London, ní ọdún 1862, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Banting, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣètò ìsìnkú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wọn pọ́n-ùn 202, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 92, kò sì ga. Kò lè tẹ̀ ba láti so okùn bàtà rẹ̀, ẹ̀yìn ló sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti gbìyànjú ọ̀pọ̀ nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún: ó wa ọkọ̀ ojú omi, ó lọ jókòó nínú ilé ìwẹ̀ olóoru, ó lo oògùn, kò sí èyí tó ràn án. Nígbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó lọ bá dókítà elétí kan, William Harvey. Dókítà náà ní kó dẹ́kun jíjẹ búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, ṣúgà àti pòtétò, kó sì jáwọ́ nínú bíà. Banting ṣe é. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, ó ti fi pọ́n-ùn 46 sílẹ̀, nǹkan bíi kílò 21. Ní ọdún 1863, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi ìròyìn náà tó àwọn ènìyàn létí. Ìwé náà lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Sweden fi ń lo orúkọ ọkùnrin náà, “banta”, fún ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ kó lè fúyẹ́. Ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún kó tó kú ní 1878.

Ẹni tó bá gbọ́ pé kílò 21 lọ, ẹnu á yà á. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀: kò tó ìdajì kílò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní Banting ń wo òṣùwọ̀n ní òròòwúrọ̀ bí àwọn kan nínú wa ṣe ń ṣe, ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni kì bá ti rí ìyàtọ̀ kankan.

Ìwádìí òde òní pàápàá fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí Christopher Gardner ṣe aṣáájú wọn, gbé èsì ìwádìí jáde lórí àgbàlagbà 609. Wọ́n ní kí apá kan dín ọ̀rá inú oúnjẹ kù, kí apá kejì dín oúnjẹ tó ń di ṣúgà kù. Lẹ́yìn oṣù 12, tí a bá pín in dọ́gba, apá kìíní ti fi kílò 5.3 sílẹ̀, apá kejì kílò 6.0. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀nà méjèèjì kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú apá kan náà, àwọn kan wà tí wọ́n fi ohun tó ju kílò 20 sílẹ̀, àwọn kan sì tún sanra sí i. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò: kílò mẹ́fà lọ́dún jẹ́ ìdajì kílò lóṣù. Ọ̀dọ́ tó wá bá wa pé òun kò rí ju ìdajì kílò lóṣù wà láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, kò kẹ́yìn. Ẹni tó tètè fúyẹ́ tó ń wò ni kò jẹ́ kó mọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìwà ti wọlé. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ méjì á jókòó sórí ẹní kan náà, a ó kọ ìlà kan náà sórí wàláà wọn. Ọ̀kan á há a sórí kí oòrùn tó le, èkejì á kà á títí di ọjọ́ kejì. Olùkọ́ tó gbọ́n kì í bi èkejì pé, “Èéṣe tí orí rẹ kò dà bíi ti ẹnì kejì rẹ?” Ọmọ náà kò ní ìdáhùn sí i, nítorí kì í ṣe òun ló dá ara rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ń bi í ni pé, “Ṣé o ka wàláà rẹ lánàá?” Ìyẹn ni ó wà ní ìkáwọ́ ọmọ, ìyẹn náà ni ó yẹ kó jíhìn fún.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ara. Bí ara ṣe ń yára tó láti tú ọ̀rá sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ìṣẹ̀dá, ọjọ́ orí, oorun, àìsàn àti oògùn tí ènìyàn ń lò. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ohun tí a bù sínú àwo. Ọ̀dọ́ tó sọ pé, “Màá fi kílò mẹ́wàá sílẹ̀ kí ọjọ́ yìgì mi tó pé,” ti ṣèlérí ohun tí kò ní. Èyí tó sọ pé, “N kò ní í mu ohun ẹlẹ́rìndòdò mọ́, òkèlè mi kò sì ní í ju ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ mi lọ,” ṣèlérí ohun tó lè san. Ẹ sì wo ibi tí ìlérí àkọ́kọ́ ń já sí. Nígbà tí ọjọ́ bá ń sún mọ́lé tí kílò kò lọ, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbùjá: á febi pa ara rẹ̀, á mu àgbo tí ń yà ènìyàn nígbẹ̀ẹ́, á ra oògùn tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ara tó jẹ́ àmáánà lọ́wọ́ wa ni à ń bà jẹ́ báyìí nítorí ìṣirò tí kò sí níkàáwọ́ wa. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé: bí a kò bá wo èso, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a kò ṣìnà? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń gbin àgbàdo sórí àpáta fún ọdún mẹ́wàá kì í ṣe onísùúrù. Ìdáhùn wa ni pé ẹlẹ́rìí ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe adájọ́. A gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, dá ẹjọ́. Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi oṣù kan wé oṣù kejì. Ẹ pe àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn pẹ̀lú: ihò ìgbànú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bí èémí ṣe ń rí nígbà tí a bá gun àtẹ̀gùn.

Bí gbogbo ẹlẹ́rìí bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó tó àkókò láti ṣe ìṣirò ara ẹni láìtan ara ẹni jẹ. Ṣé lóòótọ́ ni a dín in kù? Gààrí tí a fi omi tútù mu lọ́sàn-án, dòdò ẹgbẹ́ ìrẹsì, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tí a ń jẹ níbi tí a ti ń kàwé, gbogbo rẹ̀ ni ara ń kà bí àwa kò tilẹ̀ kà á. Bí ìṣirò bá mọ́ tí nǹkan kò sì yí padà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àwọn àìsàn kan àti àwọn oògùn kan wà tó ń mú kí ara sanra. Ẹni tó ń yẹ ọ̀nà rẹ̀ wò, tó sì ṣe tán láti gba àtúnṣe, ìyẹn ni onífọ̀rítì. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun ni olórí kunkun.

Ẹlòmíràn á ní Ramadan ń bọ̀, ààwẹ̀ á ṣe ìyókù. Àníyàn ààwẹ̀ yàtọ̀ sí àníyàn òṣùwọ̀n, ẹ má jẹ́ kí a pa wọ́n pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ṣínu pẹ̀lú ògì oníṣúgà, àkàrà, ìrẹsì àti ohun ẹlẹ́rìndòdò, tó tún fi iyán ṣe sààrì, lè sanra sí i kí oṣù tó parí.

Ti wòlímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá á bu ìrẹsì kún àwo, á ní, “Jẹun o, o ti gbẹ jù.” Ẹ kò gbọdọ̀ fi èsì gbígbóná dá wọn lóhùn, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́, ẹ bu ìrẹsì náà fún ọmọdé tó wà nítòsí. Bí ẹ bá sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan ni. Ọmọ tó pa wàláà jẹ lọ́jọ́ Ajé kò ní kó má wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ kí a yé fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́. A kò mọ iye oṣù tó ti fi ń jà.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Aláboyún, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè.

Kí ni èrè díẹ̀díẹ̀ yìí? Ní ọdún 2002, èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 3,234 tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Ọ̀rá ni wọ́n ní kí àwọn apá kan dín kù, kì í ṣe òkèlè, kí wọ́n sì máa rìn tó wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn lọ. Fún ẹni tó wọn kílò 90, ìyẹn kò ju kílò mẹ́fà ó lé díẹ̀ lọ. Láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ láàrin wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a kò fún ní ìtọ́jú yìí. Kílò mẹ́fà tí ẹnì kan ń pè ní asán, òun ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn di ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, nínú ẹ̀sìn wa a mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré tí a kò dá dúró níyì ju iṣẹ́ ńlá tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì pa tì. Àwọn baba wa náà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ bu òkèlè tòní mọ níwọ̀n, ẹ jẹ́ kí tọ̀la dúró de ọ̀la. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera àti sùúrù tí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Àmín.