Àìmọ̀ Yàtọ̀ sí Àìṣẹlẹ̀

Nínú SQL, ẹni tó ń wá àwọn oníbàárà tí kò ra ọjà rí lè fi ìbéèrè kan sínú òmíràn: ti inú á kó àwọn tó ti rà jọ, NOT IN á sì yọ wọ́n kúrò. Ṣùgbọ́n bí NULL kan ṣoṣo, ìyẹn àyè tí a kò kọ iye sí, bá wà nínú àkójọ náà, ìdáhùn á ṣófo pátápátá. Àwọn kan pè é ní àbùkù. Mi ò gbà. NULL ń sọ pé ẹnìkan tí a kò mọ̀ ra ọjà; ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Nípa ta la wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò rà? Òótọ́ ni pé NOT EXISTS, tí a lè fi rọ́pò NOT IN, á dáhùn, ó sì wúlò gan-an fún iṣẹ́ òòjọ́, ṣùgbọ́n ó ka ohun tí a kò mọ̀ sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ó sì lè pe ẹni tó rà ní ẹni tí kò rà.