Òtítọ́ Dé Ọjà: Ìwé Ìròyìn láàrin Àgbà àti Èwe

Ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn rí láàrin àwọn Yorùbá tí ó ń gbé Noman's Land ní Sabon Gari, Kánò. Àgbà tí ó ti ilé wá ṣòwò níbẹ̀ ń fẹ́ gbọ́ ẹni tí ó jọba àti ẹni tí ó wàjà ní ìlú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Kánò, tí èdè Haúsá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ń wá ìròyìn bọ́ọ̀lù àti ti iṣẹ́ lórí fóònù. Ǹjẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan ṣoṣo lè fa àwọn méjèèjì mọ́ra? Bí ó bá sì lè ṣe é, ǹjẹ́ gbogbo ọ̀nà tí ó lè gbà ni ó tọ́?

Àwọn kan gbà pé adùn ni kókó. Wọ́n lè tọ́ka sí Akéde Èkó. Ní 1929 ni I. B. Thomas, olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde: obìnrin kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń ròyìn ìgbésí ayé aṣẹ́wó tí ó ti gbé, kí àwọn ọ̀dọ́ má baà tọ ipa rẹ̀. Èwe lè rí ìkìlọ̀ níbẹ̀. Àgbà lè rí Èkó àtijọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà dára. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti káàánú Sẹ̀gilọlá ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé àròsọ ni.

Oníṣòwò yóò dáhùn pé òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n àwọn Haúsá tí ó gba Yorùbá lálejò ní ìdáhùn tiwọn. Ìwé ìròyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1939, tí Abubakar Imam jẹ́ olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́, ń jẹ́ Gaskiya Ta Fi Kwabo: òtítọ́ níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ. Òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn. Èké a máa tà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tà á fún kì í padà wá, kì í sì í rán ọmọ rẹ̀ wá.

Nítorí náà, kí ìwé ìròyìn dùn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tan ẹnikẹ́ni. Kí ó má ṣe fi ẹ̀gàn èwe wá ojú rere àgbà, kí ó má sì fi yẹ̀yẹ́ àgbà pe èwe. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó fẹ́ kí ìwé kíkà di àṣà àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní Noman's Land, ojú àgbà lè má ríran ka lẹ́tà wínníwínní mọ́. Èwe lè má mọ ìtumọ̀ “wàjà”. Bí èwe bá ń kà á sókè, tí àgbà ń túmọ̀, ìwé kan ṣoṣo ti rí òǹkàwé méjì. Ìwé tí àwọn méjèèjì bá lè gbà gbọ́ nìkan ni wọn yóò jọ jókòó tì.