Bí Ògiri Bá Lanu: Wáàsí Lórí Ilé Rírà àti Àbùkù Tó Wà Lára Rẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó gbé sánmà ró láìsí òpó tí ojú wa lè rí, tó sì tẹ́ ilẹ̀ fún wa láti máa gbé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ ilé rírà ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Ẹlòmíràn lè máa rò ó pé kí ló kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ bíríkìlà. Ó kàn án gan-an ni. Ẹ̀sìn tó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe àlùwàlá kò fi wá sílẹ̀ láìkọ́ wa bí a ṣe ń tajà àti bí a ṣe ń rajà.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí níbí. Bí ẹ bá lọ sí Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì, Sáríà tàbí Mínnà, ẹ ó rí ìdílé Yorùbá Mùsùlùmí tí bàbá wọn àgbà ti dé láti ayé àwọn òyìnbó, síbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gba yàrá gbé láti ìran dé ìran. A kò ní ilẹ̀ ẹbí níbí tí a lè gé fún ọmọ pé kó lọ kọ́lé sí. Ẹni tó bá fẹ́ ní òrùlé tirẹ̀, àfi kó rà á. Owó tó sì máa fi rà á, owó àjọ ọ̀pọ̀ ọdún ni, tàbí owó ìfẹ̀yìntì, tàbí èrè ọjà ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú ilé tó ń wó lọ, níbo la ó ti tún rí òmíràn?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Mùsùlùmí kan nínú wa ní ilé tó fẹ́ tà, òmíràn sì fẹ́ rà á. Wọ́n ti fẹnu kò sí iye kan, inú àwọn méjèèjì dùn. Ẹni tó fẹ́ rà á wá mú ẹnjiníà tàbí àgbà bíríkìlà lọ yẹ ilé náà wò. Onítọ̀hún ní ògiri ẹ̀yìn ti là, ikán ti wọ igi àjà, omi sòkàwé sì ń jò lọ sí ìdí kànga. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Onílé á ní, "Ṣé oníjìbìtì lẹ fẹ́ pè mí ni?" Òǹrajà á ní, "Ọlọ́hun ló yọ mí lọ́wọ́ yín." Kí oṣù tó parí, wọn kò kí ara wọn mọ́, ọ̀kan á dúró ní sáfù iwájú, èkejì á lọ dúró lẹ́yìn pátápátá. Ilé kò tà, ìfẹ́ bàjẹ́, jámáà pín sí méjì. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ilé ló kọ́kọ́ lanu, ṣùgbọ́n ògiri jámáà ni ṣàítánì gbà wọlé.

Èkíní nínú ọ̀rọ̀ wa ni pé yíyẹ ilé wò kì í ṣe àìfọkàntánni. Áyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìyẹn áyà 282 nínú Súrátùl Bàkọ́rà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, pé kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń tajà láàárín ara wa. Àwọn sàábé Ànọ́bì, tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun jù wá lọ, ni áyà náà kọ́kọ́ bá wí. Bí a bá pa irú wọn láṣẹ pé kí wọ́n ṣe é, ta ni nínú wa ló yẹ kó máa bínú pé wọ́n fẹ́ yẹ ilé òun wò?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 2023, apá kan mọ́sáláásí ńlá ìlú Sáríà wó lu àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń kí ìrun Alásárì, àwọn kan sì kú. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní Jọ́ọ̀sì, ẹ̀mí tó lé ní 20 ló bá a lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí mọ́sáláásí pàápàá bá lè wó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí Mùsùlùmí ló kọ́ ilé, kò sí ohun tó lè ṣe é.

Èkejì, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ilé tí ẹ wò ní àkókò ọyẹ́ nìkan. Òjò kì í pẹ́ níhìn-ín bíi ti ilé wa. Ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún ni páànù tó ń jò máa ń dákẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbójú sókè wo síílìǹgì bóyá àpá omi wà níbẹ̀. Ẹ kan ògiri wò, nítorí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní àwọn ìlú wọ̀nyí, amọ̀ ni inú wọn, sìmẹ́ńtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lóde. Ní Jọ́ọ̀sì àti Búkúrù, ẹ béèrè bóyá kòtò kùsà àtijọ́ tí wọ́n kàn dí ni ilé náà dúró lé. Ní ìhà Gọ́ḿbè àti Bọ̀rọ̀nú, ilẹ̀ dúdú kan wà tó máa ń wú nígbà òjò, tó sì máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìpìlẹ̀ ilé kò bá lágbára lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ògiri rẹ̀ kò ní yé là. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè ibi tí àgbàrá máa ń gbà. Omi tó ya wọ Mókwá ní ìparí oṣù karùn-ún 2025 gbé ilé lọ, ó sì gbé èèyàn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn onílé. Nínú hàdíìsì tí Hakim ọmọ Hizam gbà wá, tó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kó yé wa pé bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí ọjà wọn. Bí wọ́n bá parọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, àlùbáríkà náà yóò parẹ́. Ó tún wà nínú ìwé Ibn Majah, láti ọ̀dọ̀ Uqbah ọmọ Amir, pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí ta ohun tó ní àbùkù fún ọmọ ìyá rẹ̀ láìfi àbùkù náà hàn án. Gbogbo wa la sì mọ ìtàn òkìtì oúnjẹ tí Ànọ́bì ki ọwọ́ bọ̀ lọ́jà, tí ìka rẹ̀ kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Òǹtajà ní òjò ló pa á. Ànọ́bì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí ojú àwọn èèyàn lè tó o, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe èrú kò sí lára wa.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá kun ògiri tó là lọ́dà ní ọ̀sẹ̀ tí òǹrajà ń bọ̀, tàbí tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí ibi tí omi ń gbà wọlé, òun náà ló kó èyí tó tutù sí ìsàlẹ̀ yẹn. Àwọn mìíràn á ní, "Bó ṣe wà lẹ rí i yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tà á." Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè wẹ ẹni tó mọ àbùkù ilé rẹ̀ tó sì fi pamọ́ mọ́ níwájú Ọlọ́hun. Àbùkù tí a bá sọ síta, owó ni yóò yọ kúrò nínú ọjà. Èyí tí a bá fi pamọ́, àlùbáríkà ni yóò kó lọ.

Ẹ̀kẹrin, àbùkù ju àbùkù lọ. Nínú ìlànà Ìmáàmù Málíkì, tí àwa àti àwọn ará ìhà Àríwá yìí jọ ń tẹ̀lé, àwọn onímọ̀ pín àbùkù ilé sí ìpele. Èyí tó kéré jọjọ kò ba ọjà jẹ́, a kì í sì í tìtorí rẹ̀ gba owó padà. Èyí tó jẹ́ ìwọ̀ntún-wọ̀nsì, bí ògiri tó là ṣùgbọ́n tí kò sí ìbẹ̀rù pé ilé yóò wó, ilé kò ní padà sọ́wọ́ onílé, ṣùgbọ́n òǹrajà yóò gba iye tí àbùkù náà dín kù nínú owó rẹ̀. Èyí tó pọ̀, bí èyí tó ń ba ilé lẹ́rù tàbí tó gba àǹfààní ilé lọ, òǹrajà lè dá ilé padà kó gba gbogbo owó rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí Sheikh Khalil mú wá nínú ìwé Mukhtasar rẹ̀ ni kànga ilé tí omi rẹ̀ níyọ̀ ní àdúgbò tí omi kànga àwọn yòókù ti dùn.

Báwo la ṣe ń ṣírò iye tó dín? Ká fi àpèjúwe sọ ọ́. Ká ní àwọn tó mọ iye ilé sọ pé bí ilé náà bá pé, náírà mílíọ̀nù 12 ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àbùkù tó wà lára rẹ̀, mílíọ̀nù 9 ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló lọ. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ti ra ilé náà, ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù 10 ni onílé yóò dá padà, ìyẹn mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀. Kì í ṣe iye tó bá wu òǹrajà, kì í sì í ṣe iye tó bá rọ onílé lọ́rùn.

Èyí tí a sọ yìí, lẹ́yìn tí ọjà bá ti dè ni. Bí ọjà kò bá tíì dè, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀: kí onílé dín owó, tàbí kó tún ibẹ̀ ṣe kí wọ́n tó sanwó, tàbí kí wọ́n fi àlàáfíà túká. Bí wọ́n bá sì túká, kí onílé má ṣe jẹ owó àsansílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmáàmù Málíkì kò fara mọ́ ọn. Kí òǹrajà náà má sì ṣe rí àbùkù kó dákẹ́, kó kó wọlé, kó gbé ibẹ̀ títí, kó tó máa pariwo. Àwọn onímọ̀ ka irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ sí pé ó ti yọ́nú sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn òǹrajà, nítorí òun náà lè ṣe èrú. Ẹlòmíràn á ti bá bíríkìlà rẹ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé, "Bí a bá débẹ̀, sọ pé ilé náà kò lè lo ọdún kan." Ìlà tín-ín-rín tó wà lára sìmẹ́ńtì, á sọ ọ́ di ìpìlẹ̀ tó ti rì. Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrátùl Àráàfù, áyà 85, bí Ànọ́bì Shuaib ṣe kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bu nǹkan oní-nǹkan kù. Opó tó ń ta ilé ọkọ rẹ̀ kó lè fi owó rẹ̀ tọ́ ọmọ òrukàn, tí o fi àsọdùn já owó rẹ̀ wálẹ̀, kí lo fẹ́ sọ níwájú Ọlọ́hun?

Ẹ rántí ìtàn tí Abu Hurayra gbà wá, nípa ẹni tó ra ilẹ̀ tó sì bá ìkòkò wúrà nínú rẹ̀. Ó gbé e padà fún ẹni tó tà á fún un, ó ní ilẹ̀ lòun rà, òun kò ra wúrà. Onílẹ̀ náà kọ̀, ó ní ilẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ lòun tà. Ẹni tó dá ẹjọ́ wọn bi wọ́n bóyá wọ́n lọ́mọ. Ọ̀kan ní ọmọkùnrin, èkejì ní ọmọbìnrin. Ó ní kí wọ́n fẹ́ àwọn ọmọ náà fún ara wọn, kí wọ́n ná nínú wúrà náà lé wọn lórí, kí wọ́n sì fi ṣe sàráà. Ẹ wò ó: ìjà wọn kì í ṣe pé "tèmi ni", bí kò ṣe pé "tìrẹ ni". Ọjà ilẹ̀ ló sọ wọ́n di àna.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àjẹ́ǹtì tó máa ń sọ pé ẹnì kan ti kó owó ńlá wá láàárọ̀, nígbà tí kò sí ẹni kankan. Ànọ́bì kọ irú àfikún owó ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ó tún kọ̀ kí ẹnì kan lọ bá ọjà jẹ́ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ sì má ṣe gbàgbé ìwé. Láti ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ẹni tó bá ra ilé tó ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ọjà náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìwé tí kò pé, àbùkù ilé ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíríkìlà kò lè rí i.

Ohun tí a ń rọ̀ yín sí nìyí. Bí ẹni méjì nínú wa bá fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n jọ yan ẹnjiníà kan tí àwọn méjèèjì fọkàn tán, kí wọ́n jọ san owó rẹ̀, kí wọ́n sì jọ tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, kó má baà jẹ́ ẹnu ẹnì kan la ti máa gbọ́ àbùkù. Kí wọ́n kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀, kí àgbà méjì láti inú jámáà wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Jabir ọmọ Abdullah gbà wá pé Ànọ́bì tọrọ àánú Ọlọ́hun fún ẹni tó bá rọrùn nígbà tó ń tà, nígbà tó ń rà, àti nígbà tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wà lára àwọn tí àdúrà yẹn bá.

Kí Ọlọ́hun fún àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀ ní ilé tó ní àlùbáríkà, ilé tí a ó ti máa kí ìrun, tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa ké Àlùkùránì. Kó má ṣe jẹ́ kí a tìtorí ilé ayé pàdánù ilé ọ̀run. Àmín. Wàsàlámù àlékúmù.