Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọmọ Tí Ó Ti Rẹ̀?

Nínú ìpàdé wa tí ó kọjá, ẹnì kan bi mí léèrè ìdí tí àwọn ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní gbọ̀ngán wa ní ọjọ́ Ọjọ́rú kò fi gbé ohunkóhun jáde ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé lọ́dún yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé lọ́dún tí ó kọjá, odindi tábìlì mẹ́ta ni a tò ilé, afárá àti ọkọ̀ sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àyè ni kò sí. Irọ́ ni mo pa. N kò fẹ́ kí irọ́ náà pẹ́ lọ́rùn mi, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni àwọn ọmọ náà máa ń dé, láti Praimárì Kejì títí dé Ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kí a ro bí ọjọ́ wọn ti rí. Òmíràn ti jí láti aago márùn-ún ìdájí. Ó ti pọn omi, ó ti gbálẹ̀, ó ti bá ìyá rẹ̀ gbé igbá dé ìsọ̀ kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Láti aago mẹ́jọ ni ó ti wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ó ń gbọ́, tí ó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ara pátákó, tí púpọ̀ nínú ohun tí ó ń gbọ́ sì jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì yé e tán. Ojú rẹ̀ á ti wọlé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi náà á wá kó páálí, imọ̀ ọ̀pẹ, agolo wàrà, ìdérí ìgò àti amọ̀ síwájú rẹ̀, màá ní, "Ó yá, kọ́ nǹkan tí ó dára."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀lẹ ni mo pe àwọn tí ó bá gbé orí lé tábìlì. Mo máa ń gbá wọn léjìká pé, "Ṣé ibi tí wọ́n ti ń sùn nìyí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, mo rí i pé àárẹ̀ pé oríṣi méjì. Ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé etí àti ojú rẹ̀ ni ó rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti fọwọ́ kan amọ̀ tútù, ẹ ó rí i tí ara rẹ̀ á yá, bí ẹni pé kò jókòó rí láti àárọ̀. Bí a bá sì ṣe àlàyé iṣẹ́ fún un ní Yorùbá, àárẹ̀ náà á tún fúyẹ́ sí i. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Láti ọdún 1970 ni Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn.

Oríṣi kejì ni ọmọ tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ gan-an ni ó rẹ̀, tàbí tí ebi ń pa. Amọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan fún un.

Nísinsin yìí mo fẹ́ sọ ti afárá náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé lọ́dún tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan ní Praimárì Kẹta ń kọ́ afárá. Ó to agolo wàrà méjì bí òpó, ó sì tẹ́ páálí gígùn kan lé wọn lórí. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé e, àárín páálí náà á tẹ̀ kọ̀lọ̀. Ó yí i padà, ó tún tẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù kún un, ó tún tẹ̀. (Gọ́ọ̀mù gidi ni o, a ti kọ́kọ́ lo sítáṣì, àwọn eku sì jẹ ilé alájà kan tán láàárín òru.) Nígbà tí ó yá, ọmọ náà gbé orí lé apá, oorun sì gbé e lọ. Èmi wo aago, mo ro àwọn òbí tí ń bọ̀ wá wòran, mo mú páálí náà, mo ṣẹ́ ẹ po bí abẹ̀bẹ̀ kí ó lè le, mo lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa, mo sì kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ àfihàn, ìyá rẹ̀ rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Àǹtí ni." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ní ojú ń tì í. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́rú mẹ́ta tẹ̀ léra, kò wá mọ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí mo bá bá ọmọ gbé ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, n kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n inú akèrègbè ni mo ti ọwọ́ bọ̀. Ọmọ náà kò bẹ̀ mí. Ó ń bá ìbéèrè kan jà: kí ló dé tí páálí ń tẹ̀? Mo jí ìbéèrè náà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ó ń sùn, mo fi ìdáhùn tèmi dípò, mo sì ní kí ó gba ìyìn rẹ̀. Ìyìn ta ni mo ń wá gan-an? Tèmi ni, ẹ̀yin ará. Àárẹ̀ ọmọ yẹn ni ó fún mi láyè.

Ìyá àgbà kan láàárín wa sọ fún mi pé, "O ń kẹ́ wọn jù. Àwa tí a ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, ta ni ó bi wá bí ó rẹ̀ wá?" N kò lè sọ pé kò sí òótọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí kò parí nǹkan kan rí, kò ní mọ adùn ìparí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Èlíjà lábẹ́ igi nínú aginjù: áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ rán an níṣẹ́. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kí ó tún sùn, kí ó tó sọ ti ìrìn àjò. Òkè Hórébù kò sá lọ. Kí ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ di Ọjọ́rú tí ń bọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ó pa á tì.

Nítorí náà a yí nǹkan padà. Omi àti gààrí ni a kọ́kọ́ ń fún wọn, a sì ń jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni a ń fi síwájú wọn. Mo kó ègé pákó kéékèèké wá láti ọ̀dọ̀ káfíńtà. Friedrich Froebel, ará Jámánì tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní ọdún 1837, fún àwọn ọmọ ní irú pákó bẹ́ẹ̀, mẹ́jọ nínú àpótí kan. Bí wọ́n bá kọ́ nǹkan tán, wọn a tú u, wọn a kó o padà. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe fi yẹ̀pẹ̀ tútù bo ẹsẹ̀ kọ́ ilé ní kékeré, tí òjò sì wó o, tí ẹnikẹ́ni kò sunkún?

Èyí tí ó ṣòro fún mi jù ni ti ọmọbìnrin kan tí ń kiri ẹ̀kọ ní ìdájí. Orí ẹní ni ó máa ń sùn láti aago mẹ́ta títí di márùn-ún. Ẹnì kan ní kí n jẹ́ kí ó kúkú máa lọ sílé. Bí ó bá délé, igbá ni wọn yóò tún gbé rù ú. Ṣé ó tọ́ kí n máa fi iṣẹ́ ọwọ́ bojú fún oorun ọmọ ọlọ́mọ? Ìyá rẹ̀ wà lára wa. Kì í ṣe ìkà, owó ni kò sí. Mo ti lọ bá a, a sì jọ sọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Ọmọ náà ṣì ń wá.

Ọmọ alafárá náà padà dé ní Ọjọ́rú kẹrin. Kò kí mi dáadáa. Ó yọ páálí tí mo ṣẹ́ po, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tọrọ agolo wàrà kan sí i. Ó kì í sí abẹ́ àárín. Agolo náà ga ju àwọn tí ó kù lọ, afárá náà sì wọ́. Kí ó tó tún un ṣe, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó gbé e sórí pẹpẹ fúnra rẹ̀, lórí àpótí ni ó dúró lé. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Mà."

N kò fọwọ́ kàn án.