Ta Ni Ó Ni Arúgbó Tí Ó Ń Dá Gbé?

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: "Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì bá a jiyàn rí, àfi ìgbà tí a gba ìsinmi ní ọdún tí ó kọjá, tí mo lọ lo oṣù méjì ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Iléṣà. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni ó mú mi gbé kálàmù.

Ìyá àgbà kan ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: méjì wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Àbújá, ọ̀kan sì wà ní ìlú Òyìnbó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ọmọ náà kọ ìyá wọn sílẹ̀. Oṣooṣù ni owó ń dé, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò sì ń bá ìyá gbà á ní ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS. Páànù orí ilé náà tuntun, kànga wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo máa ń gbà kọjá ní àràárọ̀, n óò sì ké láti ojú títì pé, "Ẹ kú ulé o, Màmá! Ṣé dáadáa ni ẹ jí?" Mo máa ń pe ilé ní "ulé" gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń pè é, kí inú ìyá lè dùn sí mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dáhùn, èmi ti dé ìkóríta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo kí wọn, n kò gbọ́ èsì. Mo ní bóyá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, mo bá tèmi lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú ní ẹ̀bá kànga, tí ìbàdí kò sì jẹ́ kí wọ́n lè dìde. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí ni ọmọbìnrin kékeré kan tí ó ń kiri ẹ̀kọ rí wọn. Kì í ṣe àánú ni ó gbé ọmọ náà wọlé. Ìyá jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀kọ ọjọ́ mẹ́ta. Ó kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ nǹkan, ó jókòó. Ó tún kan án, ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ egungun. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, nítorí àwọn baba wa tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ọmọ kékeré lóṣòó nítorí owó ẹ̀kọ. Èmi tí mo bèèrè àlàáfíà ìyá kò dúró gbọ́ èsì. Ìbéèrè ni ìkíni Yorùbá: ṣé dáadáa ni? Ilé ń kọ́? Ara ń kọ́? Ẹni tí ó bèèrè tí kò dúró gbọ́ ìdáhùn, kí ni ó bèèrè?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ni ó yẹ kí ó mọ̀ pé ìyá wà ní ilẹ̀?

Àwọn kan yóò ní àwọn ọmọ wọn ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ bọ́ gbèsè yìí kúrò ní ọrùn ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní Èkó kò lè gbọ́ ìró ẹni tí ó ṣubú ní Iléṣà. Ìrìn àjò kọ́ ni ó sì bà á jẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti ń rìn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó lọ ṣòwò níbẹ̀. Agboolé tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó kún nígbà náà: ìyàwó ilé wà, ọmọ àbúrò wà, àgbà kan kò lè ṣubú kí ènìyàn mẹ́wàá má sáré jáde. Lónìí, olúkúlùkù ti kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì ti mọ odi yí i ká.

Àwọn mìíràn yóò ní ìjọba ni. Ìjọba gbìyànjú díẹ̀. Ní 2011, ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ní ₦5,000 lóṣooṣù. Ní àkókò Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn tirẹ̀ ní ₦10,000. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kò ṣọ̀wọ́n fún ìyá tí mo ń wí yìí, síbẹ̀ wọ́n sùn sí ìta mọ́jú. Ilẹ̀ òkèèrè tí owó pọ̀ sí kò bọ́ nínú rẹ̀. Ìlú Ọba yan mínísítà fún ọ̀ràn ìdánìkanwà ní 2018, Japan ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Àwọn ará Japan tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, kodokushi, fún ikú ẹni tí ó dá kú sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Èmi tí ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé ohun tí ó bá wọ́pọ̀ ní àwùjọ ni í tètè ní orúkọ. N kò fẹ́ kí a wá orúkọ fún eléyìí ní èdè wa.

Àwọn ìyókù kì í sọ tiwọn sókè. Wọn a ní, "Ta ni ó mọ ohun tí ìyá yẹn ṣe nígbà èwe?" Bí ó bá jẹ́ obìnrin, wọn a pè é ní àjẹ́. Mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa gan-an. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò ni a ń fura sí, ìfura náà ni a sì ń fi ṣe àwáwí tí a kò fi bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé a wá rí i pé ọwọ́ ara wa ni a fi ń dá àjẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo Òṣogbo. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni a bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915. Kò ní ìyekan kankan ní ilẹ̀ yìí nígbà tí ó dé. Ṣùgbọ́n ó gba ọmọ tọ́, ó bá àwọn olórìṣà ṣe, nígbà tí ó sì di arúgbó ní ilé rẹ̀ ní òpópónà Ìbòkun, ènìyàn ni ó yí i ká títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ìbá ṣe pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń so ènìyàn pọ̀, òun ni ìbá dá wà jù. Nítorí náà, èrò mi ni pé gbèsè méjì ni ó wà. Ọmọ ni ó jẹ gbèsè bíbọ́. Ẹni tí ó wà nítòsí ni ó jẹ gbèsè mímọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ lè gbọ́ ni a óò bi léèrè pé kí ni ó gbọ́.

Mo padà sí òwe mi. Ẹni ọmọ "sin" ni ó bímọ. A mú òwe náà ní ọ̀kúnkúndùn: a ń ya owó ra aṣọ ẹbí, a ń pa màlúù fún òkú tí kò rí ẹni bá a jẹun nígbà tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ohùn kan ṣoṣo padà, "sin" yóò di "sìn". Ẹni ọmọ sìn, èyí tí a tọ́jú láàyè, ǹjẹ́ òun náà kọ́ ni ó bímọ?

Àwọn ọmọ ìyá gbé wọn lọ sí Èkó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n ní kí a dá àwọn padà, nítorí àwọn ará ilé a jáde ní ìdájí, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì wọlé ní òru. Ọ̀rọ̀ tí ìyá kọ́kọ́ sọ nígbà tí wọ́n dé ni pé, "Ẹ bá mi pe ọlọ́jà ẹ̀kọ mi, mo jẹ ẹ́ lówó." Àdéhùn kan wà ní àdúgbò báyìí: bí fèrèsé iwájú kò bá ṣí kí àwọn ọmọ iléèwé tó kọjá, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò wọlé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èmi náà ṣì ń kí wọn bí mo bá dé Iléṣà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, "Ẹ kú ulé o, Màmá," mo máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí èsì mi yóò fi jáde.